Funfun, dúdú, ilà: èwo nínú àmì ara èékánná ló yẹ kó dẹ́rù bà yín?

Àwòrán kan wà tó ti yíká wásáàpù n'Ìbàdàn yìí títí, gbogbo grúùpù ló ti dé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àdúgbò, ti ẹbí. Ìka bíi mẹ́wàá ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n wá kọ àìsàn sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: èékánná tó ní tóótòòtó funfun, wọ́n ní kálísíọ̀mù ò tó lára onítọ̀hún, èyí tó ti di yẹ́lò, ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, èyí tó ní ilà dúdú, jẹjẹrẹ ni, àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi kún un pé ayé ló ti fọwọ́ bà á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní purọ́, èékánná máa ń tú àṣírí ara, àwọn dókítà náà máa ń wò ó dáadáa. Ìdajì òótọ́ yẹn gan-an ló wá ń kó èèyàn sí wàhálà, torí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ò ní lè sùn mọ́, ẹni tó sì yẹ kó sáré lọ sí ọsibítù á gba ọjà oògùn Agbẹni lọ, á lọ ra kálísíọ̀mù, á máa gbé e mì láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń hù ná. Èékánná tí ẹ̀ ń rí yẹn, ó ti kú, ìdí nìyẹn tí gígé ẹ̀ kì í fi í dun èèyàn. Ibi tó wà láàyè wà lábẹ́ awọ ní ìdí ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń hù jáde, apá kan ibẹ̀ sì ni funfun roboto tẹ́ ẹ máa ń rí ní ìdí èékánná àtàńpàkò. Bí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn bá ṣi òwú fà lórí òfì, àbùkù yẹn kì í dúró lójú kan, bó ṣe ń hun ún lọ ni àbùkù ń sún kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ wà, bí èékánná náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Tọwọ́ máa ń gùn tó mìlímítà 3 lóṣù, tẹsẹ̀ ò ju bí ìdajì ẹ̀ lọ, torí náà kí èékánná ìka ọwọ́ tó hù tán látìdí dókè, bí oṣù 6 ni, ti àtàńpàkò ẹsẹ̀ lè gba ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Ohun tẹ́ ẹ rí lórí ṣónṣó èékánná yín lónìí, nǹkan bí ìdajì ọdún sẹ́yìn ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba, bí èékánná wọn ṣe ń yára hù náà ò dọ́gba, ti ìka àárín ló ń yá jù, ti ìka kékeré ìkẹyìn máa ń fà, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ jù, tiẹ̀ sì máa ń yá díẹ̀ ju ti ìkejì. (Àwọn tó ń sọ pé èékánná òkú ṣì máa ń gùn nínú pósí, kò rí bẹ́ẹ̀, awọ ìka ló gbẹ tó sún sẹ́yìn.)

Torí náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rù ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ìka kan ni, àbí gbogbo wọn? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sínú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ló ní wàhálà, ò ní lọ dá ìka kan ṣoṣo mú kó wá fi mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìka kan tàbí méjì tó yàtọ̀, ẹ wá ohun tó ṣe ìka yẹn gan-an: ilẹ̀kùn mọ́tò tó gbá a, eyín tẹ́ ẹ fi ń gé e jẹ, kẹ́míkà tẹ́ ẹ̀ ń kì í bọ̀, kòkòrò tó wọ̀ ọ́. Ẹyọ kan ló wà tó ta ko òfin yìí, màá dé bẹ̀.

Tóótòòtó funfun ni ká mú ṣáájú torí òun làwọn èèyàn ń bèèrè jù. Kálísíọ̀mù kọ́ o. Kálísíọ̀mù inú èékánná ò tó nǹkan rárá, kẹ́rátìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú irun orí àti ìwo màlúù. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé nǹkan gbá ìdí èékánná yẹn, tàbí ẹni tó ń tún un ṣe fún yín ní sálúùnù fi irin ti awọ ìdí ẹ̀ sẹ́yìn jù, ẹ sì ti gbàgbé, torí á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú síta. Àwọn ọmọdé ló máa ń ní in jù, ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Bí èékánná ṣe ń gùn ló máa sún lọ síwájú, ọjọ́ kan ẹ máa gé e dànù, ó parí.

Ṣùgbọ́n kí èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá funfun látìdí, kó wá ku ilà tín-ínrín kan tó pupa tàbí tó ṣe bíi bráwùn lókè, ọ̀rọ̀ mìíì nìyẹn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Terry ló kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1954, ó wo èèyàn 100 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti dápàá tó sì ti le, 82 nínú wọn ló ní irú èékánná yìí. Lọ́dọ̀ wa níbí, hẹpatáítísì B àti ọtí àmujù wà lára ohun tó ń sọ ẹ̀dọ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà lè fa èékánná funfun yìí náà, ọkàn tí ò lágbára mọ́ lè fà á, ọjọ́ orí lásán náà lè fà á, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i lọ́wọ́ bàbá ẹni ọdún 80 tára ẹ̀ le, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èkejì ẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìdajì èékánná lápá ìdí funfun, ìdajì lápá òkè wá pọ́n tàbí ó dà bíi bráwùn, ààlà àárín wọn hàn gbangba, dókítà kan tó ń jẹ́ Lindsay ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1967, àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa ló sì máa ń ní in. Ìkẹta, ìyẹn ilà funfun méjì-méjì tó dábùú èékánná, dókítà míì tó ń jẹ́ Muehrcke ló kọ nípa ẹ̀ ní 1956, ó máa ń yọ tí prótínì kan tó ń jẹ́ albumin bá wálẹ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí dùn ún dá mọ̀: ẹ tẹ èékánná yẹn mọ́lẹ̀, ilà á pòórá, ẹ sì lè ṣọ́ ọ fún oṣù méjì, kò ní sún kúrò níbi tó wà, torí ẹran abẹ́ èékánná ló wà, kì í ṣe èékánná fúnra ẹ̀.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló kàn, òun ló sì pọ̀ jù láàárín wa, pàápàá lára àwọn obìnrin. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ràn wá lọ́wọ́ tó lórí èyí torí ìka òyìnbó ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran abẹ́ èékánná wa náà máa ń pọ́n, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á funfun, tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀ ó yẹ kó padà pọ́n kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó pé. Tó bá wá ń funfun lójoojúmọ́, tí inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ náà sì funfun, ó yẹ kẹ́ ẹ lọ yẹ PCV wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Tí áyọ́ọ̀nù bá ti wá dín kù lára fún ìgbà pípẹ́, èékánná á rọ̀, á fẹ́lẹ́, àárín ẹ̀ á tẹ̀ wọnú, etí ẹ̀ á ká sókè bíi ti ṣíbí, tẹ́ ẹ bá kán omi ẹyọ kan sórí ẹ̀, omi yẹn á jókòó síbẹ̀ ni, kò ní ṣàn dànù. Àwọn kan á tún máa wá yìnyín jẹ ṣáá, tàbí kí wọ́n máa jẹ ẹfun, ó sábà máa ń bá àìtó áyọ́ọ̀nù rìn. Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ o, èékánná ẹsẹ̀ wọn lè rí bíi ṣíbí kó má sí nǹkan kan, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ló máa tẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mẹkáníìkì tó ti fọwọ́ sínú ọ́ìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí mo ti máa ń bínú ni pé tí wọ́n bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ò tó, oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi pupa yẹn lẹ̀ ń lọ rà ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ ò bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ! Ó lè jẹ́ nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, fáíbọ́ídì, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ọgbẹ́ inú tó ń dà díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ọkùnrin tó ti dàgbà tí áyọ́ọ̀nù ẹ̀ kàn ń wálẹ̀ láìnídìí, àyẹ̀wò inú ló nílò, kì í ṣe oògùn olómi. Oúnjẹ náà ní tiẹ̀ lára: ẹ̀dọ̀ àti ẹran pupa lára ń tètè gbà jù, ẹ̀wà náà dáa, àní gbẹ̀gìrì tẹ́ ẹ̀ ń bù sórí àmàlà yẹn, ọsàn tẹ́ ẹ bá fi tẹ̀ lé e á jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù ibẹ̀ dáadáa. Tíì ni kẹ́ ẹ má mu mọ́ oúnjẹ, ó máa ń dí i lọ́nà.

Ilà tó dábùú wá ńkọ́, ìyẹn tó jinlẹ̀ bíi poro, tọ́wọ́ máa ń bà tẹ́ ẹ bá fi ìka pa á? Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Beau ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1846 (ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀). Tí àìsàn ńlá bá mú èèyàn, bí ibà líle, taifọ́ọ̀dì tó wọra, kòrónà, iṣẹ́ abẹ ńlá, oògùn jẹjẹrẹ, ara á dá iṣẹ́ èékánná dúró fúngbà díẹ̀ kó lè gbájú mọ́ ohun tó ṣe pàtàkì, tó bá padà bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti dúró á di poro lórí gbogbo èékánná. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ẹ lè fi rúlà ka ìgbà tó ṣẹlẹ̀: tí poro yẹn bá fi bíi mìlímítà 6 jìnnà sí ìdí, nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni, ẹ ronú padà, ẹ máa rántí. Kò ní oògùn, kò nílò oògùn, àìsàn ti kọjá, ẹ̀rí ẹ̀ ló kù. Àwọn ọmọdé tó ní àrùn tó máa ń so ròrò sí wọn lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ àti lẹ́nu, èékánná wọn tiẹ̀ lè ṣí kúrò pátápátá lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ìyá wọn á ti pariwo kálẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn á hù.

Ilà tó gùn látìdí lọ sókè, tí ò láwọ̀, tó kàn ń ga díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ orí ni, kò yàtọ̀ sí ewú. Tó bá jẹ́ èékánná àtàńpàkò nìkan ló wá rí ṣákáṣàka láàárín bíi páànù tí wọ́n ń fi ṣe òrùlé, ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa fi ìka kejì yún awọ ìdí ẹ̀ láìmọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ronú. Àwọn kòtò wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ fi han dókítà awọ ara, ó máa ń bá àìsàn awọ ara kan tó ń jẹ́ psoriasis rìn, ó sì máa ń bá irun orí tó ń já níbi roboto rìn.

Orí ìka tó ń wú ni mi ò fẹ́ kẹ́ni kankan fojú tẹ́ńbẹ́lú. Orí ìka á nípọn, á rí roboto, èékánná á yí dà bo orí ìka wálẹ̀, kì í dunni, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn kì í fi í ka á sí. Láti ayé Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ mú èékánná ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún àti tòsì, ẹ fi ojú èékánná kojú ara wọn kí wọ́n fẹnu kan ara wọn, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí ihò kékeré onígun mẹ́rin kan láàárín wọn. Tí ihò yẹn ò bá sí rárá, ẹ lọ rí dókítà. Leo Schamroth, dókítà ọkàn ní South Africa, ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní 1976, ara òun fúnra ẹ̀ ló sì ti rí i nígbà tí kòkòrò àrùn wọ inú ọkàn ẹ̀. Ohun tó lè fà á ò kéré: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀, àìsàn ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọ, àìsàn ẹ̀dọ̀, àìsàn ìfun. Àwọn ẹbí kan wà tí tiwọn rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, bàbá ní in, ọmọ ní in, ìyẹn ò léwu. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí ikọ́ tún wà ńbẹ̀ tí ara ń rù, kò sí ìdí láti jókòó sílé, ọsibítù àyà tìjọba wà ní Jẹ́ríkò, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà.

Èékánná tó ń dà bíi búlúù tí ètè àti ahọ́n náà sì rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kísíjìn ò tó lára ni, ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ìka nìkan, ní àárọ̀ ọyẹ́, tí ahọ́n pọ́n dáadáa, òtútù ni. Ẹ rí i pé ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi máa ń ní kẹ́ ẹ yọ kútẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kì í ṣe pé ó ń jowú yín. Wọ́n fẹ́ rí àwọ̀ ẹran abẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti ka ọ̀kísíjìn náà sì lè ka àkàṣì tí kútẹ́ẹ̀sì dúdú tàbí làálì bá wà níbẹ̀.

Ó wá ku ilà dúdú, òun gan-an ló ta ko òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ilà dúdú tàbí bráwùn tó gùn látìdí dókè wọ́pọ̀ gan-an, tẹ́ ẹ bá kó àwa tá a ti lé lọ́mọ ogún ọdún jọ, ó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ní in lórí èékánná kan ó kéré tán, tẹ́ni bá ti lé ní 50, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa. Ìwé òyìnbó tó ń sọ pé kẹ́ni tó bá rí ilà dúdú sáré, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń bá sọ̀rọ̀, torí tiwọn ò wọ́pọ̀. Oyún lè mú un yọ, oògùn HIV kan tó ń jẹ́ zidovudine lè mú un yọ, bàtà tó ń fún ẹsẹ̀ náà lè mú un yọ. Tó bá wà lórí ìka púpọ̀, tó tín-ínrín, tí etí ẹ̀ gún, tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan, àwọ̀ yín ni, kò sí ayé tó fọwọ́ bà yín.

Nígbà tó bá jẹ́ ìka kan ṣoṣo ló ní in, ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Ilà kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára àgbàlagbà, pàápàá lórí àtàńpàkò ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, tó ń fẹ̀ sí i, tó fẹ̀ nídìí ju òkè lọ, tó ju mìlímítà 3 lọ, tí àwọ̀ ẹ̀ ò dọ́gba, tí èékánná ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, èyí tó burú jù níbẹ̀ ni kí dúdú yẹn kúrò lórí èékánná kó máa ràn lọ sí awọ tó yí i ká. Jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma lè wà lábẹ́ ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ lára wa, ṣùgbọ́n tó bá máa mú aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń gbà wọlé. Òun náà ló mú Bob Marley lábẹ́ èékánná àtàńpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn èèyàn rò pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ló ṣe é léṣe, ní 1977 ni àyẹ̀wò fi ohun tó jẹ́ hàn, ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ọdún 36 péré. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná lẹ́yìn tí nǹkan gbá a? Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ tún yà á lẹ́yìn oṣù kan: ẹ̀jẹ̀ tó dì á ti sún lọ síwájú, èékánná tó mọ́ á ti hù lẹ́yìn ẹ̀, ilà tó wá láti ìdí ò ní kúrò nídìí. Tí awọ tó yí i ká bá ti dúdú pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má dúró de fọ́tò kankan.

Yẹ́lò tí wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni, kì í sábà jẹ́ ẹ̀dọ̀, ojú ni ibà pọ́njú ti kọ́kọ́ ń hàn. Kútẹ́ẹ̀sì lásán máa ń pa èékánná láró, sìgá náà ń ṣe é, epo pupa àti ata náà ń ṣe é fẹ́ni tó ń fọwọ́ jẹun. Tó bá nípọn, tó ń rún, tí nǹkan bíi ẹ̀tù kó sábẹ́ ẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ṣeé ṣe kó jẹ́, tẹsẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fá díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, torí kì í ṣe gbogbo èyí tó nípọn ló jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, terbinafine tí wọ́n ń lò fún un sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 fún ọwọ́, ọ̀sẹ̀ 12 fún ẹsẹ̀, ó sì yẹ kí dókítà mọ bí ẹ̀dọ̀ yín ṣe rí kẹ́ ẹ tó máa lò ó. Lẹ́yìn oògùn náà, èyí tó ti bàjẹ́ ò ní padà dáa, ẹ máa dúró kí tuntun hù ni. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fi èékánná ẹsẹ̀ ṣeré rárá.

Àwọn ọmọ Háúsá tó ń gbé sísọ́ọ̀sì kiri ládùúgbò Sábó àti Bódìjà, tó máa ń ṣán an kó lè dún kẹ́ ẹ lè gbọ́, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lò wọ́n, iṣẹ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n irin kan náà ló ń lọ láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ń bá a lọ, tó bá wá gé yín lẹ́ran tẹ́jẹ̀ jáde, hẹpatáítísì B lè bá a wọlé. Ẹ mú tiyín dání. Kan náà ni fún sálúùnù ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹwà ṣọ́ọ̀bù ò fọ irin. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gé awọ ìdí èékánná yín, awọ yẹn ni kò jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí wọlé, tí wọ́n bá gé e ni ìka máa ń wú tó ń ṣọyún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fíìsì èékánná, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ rí àwọ̀ gíríìnì lábẹ́ ẹ̀, omi ló kó síbẹ̀ tí bakitéríà wá fi ṣelé, ẹ má fi òmíràn bò ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Oògùn báyótìn tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú èékánná le, ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀: lọ́dún 2017, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kìlọ̀ pé ó lè da àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan rú, tó fi mọ́ troponin tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ti ní ìpalára. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì ń lọ, ì báà jẹ́ UCH, ì báà jẹ́ Adéọ̀yọ́, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ẹ ti fi asitóònù nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò látilé, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání títí kan àgbo, ẹ sì má bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ torí ojú ń tì yín, dókítà ti rí èyí tó burú ju tiyín lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.